Ọjọ́ kẹta mi láìmu sìgá rèé, ara mi ń gbọ̀n: ẹ bá mi dá sí i

Káfíńtà Àjílété · Ọjọ́rú, 9:40 alẹ́

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Iṣẹ́ káfíńtà ni mò ń ṣe ní Ògbómọ̀ṣọ́, ṣọ́ọ̀bù mi ò jìnnà sí Tákíé. Ẹni ọdún mọ́kànlélógójì ni mí. Ó ti tó ọdún mọ́kàndínlógún tí mo ti ń mu sìgá, páálí kan lóòjọ́, ìyẹn ogún ẹyọ, ọjọ́ míì a sì lé.

Alẹ́ ọjọ́ Àìkú ni mo mu èyí tó kẹ́yìn. Ohun tó fà á ni pé èmi àti ọmọ iṣẹ́ mi kan gbé wọ́dúróòbù lọ sílé oníbàárà kan lọ́sẹ̀ tó kọjá, òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ló ní ká gbé e sí. A ò tíì dé ìdajì àtẹ̀gùn tí èémí mi fi tán. Mo ní ká sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Mo jókòó sórí àtẹ̀gùn, mò ń mí hẹlẹhẹlẹ, ọmọ iṣẹ́ dúró tì mí, òógùn ò tilẹ̀ tíì yọ lójú rẹ̀. Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún ni. Ọdún tí wọ́n bí i ni mo bẹ̀rẹ̀ sìgá. Oníbàárà gbé omi wá fún mi láìsọ nǹkan kan. Ìkìlọ̀ tí wọ́n ń kọ sára páálí pé amusìgá lè kú ní rèwerèwe, ó ti pẹ́ tí mo ti ń kà á, kò dẹ́rù bà mí rí. Omi inú ife yẹn ló dẹ́rù bà mí.

Mi ò gba ìmọ̀ràn lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, mi ò ra oògùn. Mo da ìyókù páálí sínú ṣáláńgá, mo lọ sùn. Láti ìgbà náà, mi ò rí oorun gidi sùn mọ́. Orí ń fọ́ mi. Ebi ń pa mí bí ẹni tó gbààwẹ̀. Ọwọ́ mi ń gbọ̀n tí mo bá di ayùn mú. Lánàá, mo jágbe mọ́ ọmọ kan torí ìṣó kan ṣoṣo tó tẹ̀, títí omi fi kún ojú rẹ̀. Èmi kì í ṣe oníbìínú ènìyàn. Bí mo bá fẹ́ wọn pákó báyìí, ẹ̀ẹ̀mẹta ni màá wọ̀n ọ́n kí n tó gba ohun tí téèpù sọ gbọ́.

Ṣé bó ṣe máa ń rí nìyí, àbí nǹkan mìíràn ló ń ṣe mí? Ìgbà wo ni yóò lọ? Àbí kí n máa mu méjì lóòjọ́ ná, kí n fi tan ara jẹ?

Awakọ̀ Ọ̀nà Ìbàdàn · Ọjọ́rú, 10:05 alẹ́

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ìfaradà. Ògbómọ̀ṣọ́ sí Ìbàdàn ni mo ń ná, ó di ọdún kẹrin báyìí tí mo ti jáwọ́. Ọjọ́ kẹta yẹn gan-an ló le jù lára tèmi. Mo gbé ọkọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì nígbà tí a kọjá Ọ̀yọ́ tán, mo sọ̀ kalẹ̀, mo ń rìn yí ọkọ̀ ká títí àwọn èrò fi bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè pé kí ló dé. Nígbà tó rọlẹ̀, mo wọlé, a ń bá ọ̀nà wa lọ.

Ọ̀rọ̀ méjì lóòjọ́ yẹn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dán an wò. Mo ṣe é lẹ́ẹ̀mejì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Méjì á di mẹ́rin lọ́jọ́ tí wọ́n bá dá mi dúró lọ́nà, mẹ́rin á di mẹ́wàá lọ́jọ́ tí táyà bá bẹ́. Èyí tó burú jù ni pé láti àárọ̀ ni ọkàn á ti máa retí èyí tó kù. Ohun tó ràn mí lọ́wọ́ ni obì. Gbànja ni mo máa ń jẹ, kì í jẹ́ kí ẹnu ṣófo, ojú á sì dá. Ẹ ra obì sílé.

Nọ́ọ̀sì Alẹ́ · Ọjọ́rú, 11:20 alẹ́

Ẹ kú alẹ́ sà. Ẹnu iṣẹ́ ni mo wà, ẹ má bínú bí mo bá ń pẹ́ kí n tó dáhùn.

Ohun tó ń ṣe yín kì í ṣe àìsàn tuntun. Nikotíìnì inú sìgá ni ara ń béèrè. Téèyàn bá fa èéfín sínú, kò ju ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá sí ogún lọ tó fi máa dé ọpọlọ. Bó ṣe tètè dé náà ló ṣe ń tètè lọ: láàárín bíi wákàtí méjì, ìdajì rẹ̀ ti kúrò nínú ẹ̀jẹ̀. Ìdí nìyẹn tí amusìgá fi ń padà sídìí páálí ṣáá. Láti ọdún mọ́kàndínlógún, ọpọlọ yín ti ya yàrá sílẹ̀ fún àlejò yìí. Àlejò ò wá mọ́, yàrá ṣófo. Ìbínú, orí fífọ́, àìsùn, ebi, ọkàn tí kò dúró lójú kan, gbogbo rẹ̀ ń wá láti inú yàrá òfìfo yẹn. Àwọn mìíràn tilẹ̀ máa ń ní ìbànújẹ́ tí wọn ò mọ ìdí rẹ̀. Wákàtí díẹ̀ lẹ́yìn sìgá ìkẹyìn ló máa ń bẹ̀rẹ̀, ọjọ́ kejì sí ìkẹta ló máa ń le jù, púpọ̀ rẹ̀ á sì ti lọ láàárín ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́rin. Torí náà ẹ ti wà níbi tó le jù lálẹ́ òní.

Ìyánhànhàn náà kì í dúró pẹ́. Ẹ fi aago wò ó: ìṣẹ́jú mẹ́ta, mẹ́rin, ó pẹ́ tán márùn-ún, á rọlẹ̀ bí ẹ mu sìgá, bí ẹ ò mu. Ẹ mu omi, ẹ rìn jáde, ẹ fi nǹkan sọ́wọ́. Àárọ̀ ṣúlẹ̀ kọ́ lẹ óò fi máa bá a jà. Ìṣẹ́jú márùn-ún márùn-ún ni.

Mo bẹ̀ yín, tí ọwọ́ bá ṣì ń gbọ̀n lọ́la, ẹ má fọwọ́ kan ayùn oníná. Ẹ sọ fún àwọn ọmọ iṣẹ́ pé ẹ ti jáwọ́ nínú sìgá, kí wọ́n lè mọ ibi tí ìbínú ti ń wá. Bí àyà bá ń dùn yín tí ìrora náà ń lọ sí apá tàbí àgbọ̀n, ilé ìwòsàn ni kẹ́ ẹ gbà lọ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ìyẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìjáwọ́ sìgá. Ẹ tún dá mi lóhùn: tí ẹ bá jí láàárọ̀, báwo ló ṣe máa ń pẹ́ tó kí ẹ tó mu sìgá àkọ́kọ́? Ṣé ẹ ní ẹ̀jẹ̀ ríru? Ṣé ẹ máa ń mu kọfí?

Káfíńtà Àjílété · Ọjọ́ Ẹtì, 6:15 àárọ̀

Nọ́ọ̀sì, ẹ ṣé mà. Sìgá àkọ́kọ́, kí n tó fọ ẹnu ni. Ẹ̀jẹ̀ ríru, wọn ò tíì sọ bẹ́ẹ̀ fún mi rí. Kọfí, mi ò kì í mu.

Mo sọ fún àwọn ọmọ iṣẹ́ lánàá. Ọmọ tí mo jágbe mọ́ yẹn ló mú fóònù rẹ̀ jáde, ó ní "Ọ̀gá, tó bá ti dé, ẹ sọ fún mi." Ó bá mi ka èyí tó dé lọ́sàn-án. Ìṣẹ́jú mẹ́rin àti díẹ̀. Mi ò mọ̀ pé ohun tí kò ju ìyẹn lọ ló ti ń rán mi níṣẹ́ láti gbogbo ọdún yìí wá.

Ṣùgbọ́n oorun ti lọ pátápátá. Mo ra obì ní Ọjà Jagun gẹ́gẹ́ bí àbúrò wa awakọ̀ ṣe sọ, ó tó márùn-ún tí mo jẹ lánàá. Àyà mi ń lù kìkìkì látìrọ̀lẹ́, ojú mi là títí wọ́n fi pe ìrun àárọ̀. Ṣé ìyẹn náà wà níbẹ̀?

Nọ́ọ̀sì Alẹ́ · Ọjọ́ Ẹtì, 7:02 àárọ̀

Ẹ dákun, ẹ gbé obì yẹn sílẹ̀.

Kaféènì, èròjà tó ń lé oorun, tó wà nínú kọfí náà ló wà nínú obì. Èéfín sìgá máa ń mú kí ẹ̀dọ̀ tètè palẹ̀ kaféènì mọ́ kúrò nínú ara, ìdí nìyẹn tí amusìgá fi lè jẹ obì ní aago mẹ́sàn-án alẹ́ kó sì sùn. Tó bá jáwọ́, láàárín ọjọ́ díẹ̀ ẹ̀dọ̀ á padà sí ìwọ̀n tirẹ̀, kaféènì tó ń kù nínú ẹ̀jẹ̀ á sì fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po méjì, bẹ́ẹ̀ ni obì tó ń jẹ ò pọ̀ sí i. Ẹ̀yin wá fi márùn-ún lé e. Àyà lílù, ọwọ́ gbígbọ̀n, àìsùn, ìdágìrì: gbogbo rẹ̀ jọ ti ìjáwọ́ sìgá bí ìbejì. Mo ti rí ẹni tó padà sídìí sìgá torí pé ó rò pé ara òun ò lè gbà á, obì ló sì ń yọ ọ́ lẹ́nu. Tíì tó le, mínírà dúdú àti ohun mímu inú agolo tí wọ́n fi ń lé oorun náà wà níbẹ̀. Ẹ dín gbogbo wọn kù sí ìdajì, ẹ má sì jẹ ìkankan lẹ́yìn ọ̀sán. Tí ẹnu bá ń fẹ́ nǹkan, ẹ̀pà, èso, ṣingọ́ọ̀mù lásán, tàbí pákò.

Ẹ ní kí ẹ tó fọ ẹnu lẹ ti ń mu ti àkọ́kọ́. Ẹni tó bá ń mu tirẹ̀ láàárín ọgbọ̀n ìṣẹ́jú tó jí, bárakú náà ti wọ̀ ọ́ lára gan-an, kò sì sí ìtìjú nínú kó gba ìrànlọ́wọ́ oògùn. Ṣingọ́ọ̀mù kan wà tí wọ́n fi nikotíìnì sí. Mílígíráàmù mẹ́rin ni ti irú yín, méjì ni ti ẹni tí tirẹ̀ fúyẹ́. Wọn kì í jẹ ẹ́ bí ṣingọ́ọ̀mù ọmọdé o. Ẹ rọra jẹ ẹ́ títí ẹnu á fi máa ta yín, kí ẹ wá fi pamọ́ sí àárín ẹ̀rẹ̀kẹ́ àti èrìgì. Tí títa náà bá lọ, kí ẹ tún jẹ ẹ́ díẹ̀. Bẹ́ẹ̀ fún bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Ẹ má mu mínírà tàbí ọsàn ní ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ṣáájú rẹ̀, kíkan wọn kì í jẹ́ kí ẹnu gbà á. Ẹni tó bá ń jẹ ẹ́ wàràwàrà tó ń gbé itọ́ rẹ̀ mì, inú á run ún, á sì máa ṣe òsúkè, á ní oògùn ò ṣiṣẹ́. Ẹ béèrè lọ́dọ̀ apòògùn tó níwèé ẹ̀rí, kì í ṣe gbogbo ilé oògùn ló ní in. Ẹ kọ́kọ́ ní kí dókítà yẹ ẹ̀jẹ̀ ríru yín wò.

Awakọ̀ Ọ̀nà Ìbàdàn · Ọjọ́ Ẹtì, 7:30 àárọ̀

Èmi ni mo ní kó ra obì. Ẹ̀gbọ́n, ẹ dákun, ẹ forí jì mí. Àtìgbà tí mo ti ń mu sìgá lobì ti wà lẹ́nu mi, odindi oṣù kan ni mi ò fi sùn nígbà tí mo jáwọ́, sìgá ni mo sì ń bú. Ọdún kẹrin rèé kí n tó mọ̀.

Ọmọ Òkè-Ògùn · Ọjọ́ Ẹtì, 1:15 ọ̀sán

Mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín látàná. Mi ò mu sìgá rí, ṣùgbọ́n tábà ló rán mi níwèé. Ẹ̀bá Ìsẹ́yìn ni wọ́n bí mi sí, bàbá mi dá oko tábà. Nígbà ìkórè, kí oòrùn tó yọ la ti ń wọ oko, ìrì ṣì wà lórí ewé. A ó máa ká ewé, a ó máa kó o sí abíyá, a ó gbá a mọ́ àyà títí ẹ̀wù á fi tutù rin. Tó bá di ọ̀sán, òyì á máa kọ́ mi, màá bì, màá sùn sábẹ́ igi bí òkú. Àwọn àgbà á ní ibà ni, wọ́n á gbé àgbo ibà wá. Ìgbà tí mo dàgbà ni mo tó mọ̀ pé nikotíìnì ni, pé ó ń bá omi ara ewé wọ inú awọ. Gbogbo ibi tí wọ́n ti ń gbin tábà láyé ni wọ́n ti mọ àìsàn yẹn.

Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni mí nígbà náà. Mi ò fi tábà kan ẹnu, ewé lásán ló dá mi dùbúlẹ̀. Ẹ̀gbọ́n, ohun tó lágbára báyẹn lẹ ti ń fà sínú fún ọdún mọ́kàndínlógún. Ẹ má bá ara yín wí pé ẹ gbọ̀n.

Nọ́ọ̀sì Alẹ́ · Ọjọ́ Ẹtì, 4:40 ìrọ̀lẹ́

Ẹ ṣé tí ẹ mú èyí wá. Ọ̀nà kan náà yẹn ni oògùn ìlẹ̀mára gbà ń ṣiṣẹ́: wọ́n á lẹ̀ ẹ́ mọ́ apá tàbí àyà láàárọ̀, nikotíìnì inú rẹ̀ á máa jò díẹ̀díẹ̀ wọ inú awọ. Ẹni tó ń mu ju sìgá mẹ́wàá lọ lóòjọ́ sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ láti orí mílígíráàmù 21, yóò bọ́ sí 14, yóò bọ́ sí 7, kó tó fi sílẹ̀. Tí àlá burúkú bá pọ̀, kí wọ́n ṣí i kúrò lálẹ́. Láti 2009 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ti ka ṣingọ́ọ̀mù yẹn àti ìlẹ̀mára mọ́ àwọn oògùn kòṣeémáàní. Aboyún àti ẹni tó ní àìsàn ọkàn, kí wọ́n rí dókítà kí wọ́n tó fọwọ́ kàn án.

Akẹ́kọ̀ọ́ Under G · Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 12:10 òru

Ẹ kú ọ̀rọ̀ o, ẹ̀yin àgbà. Ṣé wọn ò kúkú lè fi ṣíṣà tàbí sìgá oníná rọ́pò ni? Ní àdúgbò wa níbí, ọ̀pọ̀ wa ló fi sìgá sílẹ̀ torí rẹ̀. Òórùn rẹ̀ dùn, omi ló sì ń sẹ́ èéfín ṣíṣà.

Tíṣà Àná, Ọ̀yọ́ · Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 8:25 àárọ̀

Ọmọ mi, omi ò sẹ́ nǹkan kan. Ó kàn mú kí èéfín tutù kó má bàa ta yín lọ́fun ni, ìdí nìyẹn tí ẹ fi lè jókòó tì í fún wákàtí kan. Èéfín tí ẹ ó fà ní wákàtí yẹn pọ̀ ju ti sìgá kan lọ lọ́pọ̀lọpọ̀ ìgbà, èédú tó ń jó lórí rẹ̀ sì ń fi èéfín olóró tirẹ̀ kún un. Sìgá oníná, nikotíìnì ló wà nínú ọ̀pọ̀ rẹ̀. Ọmọ tí kò mu sìgá rí tó bá ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀, bárakú kan náà ló gbé wọlé. Mo ń sọ ọ́ tìfẹ́tìfẹ́.

Káfíńtà, ẹ kú iṣẹ́. Mo jáwọ́ ní 1998, ìgbà keje tí mo gbìyànjú rẹ̀ nìyẹn. Nínú mẹ́fà tó já sófo, ẹ̀ẹ̀kan ni mo ra àgbo lọ́wọ́ ẹni tó ní tí mo bá mu ún, sìgá á máa korò lẹ́nu mi. Èébì ni mo fi òru ọjọ́ náà bì. Nígbà tilẹ̀ mọ́, sìgá ni mo fi panu. Bí ẹnikẹ́ni bá gbé irú rẹ̀ wá, ẹ béèrè ohun tó wà nínú rẹ̀. Bí kò bá lè sọ, ẹ dá a padà fún un.

Ohun tó wá ṣiṣẹ́ fún mi, ẹ̀yin ará Ògbómọ̀ṣọ́ ló ni ín. Oríkì yín ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ ní kíláàsì: Ògbómọ̀ṣọ́ Ajílété, níbi tí wọ́n gbé ń jẹ ọkà kí wọ́n tó mu ẹ̀kọ yangan. Mo dúró lójú pátákó, mo bi ara mi pé kí lèmi ń fi sẹ́nu kí n tó jẹun? Láti ọjọ́ kejì ni mo ti sọ fún ìyàwó mi pé kí oúnjẹ wà nílẹ̀ kí n tó jí. Bí mo bá ti là jú, ẹnu sí oúnjẹ, kí sìgá má bàa bá ẹnu mi lófìfo. Oúnjẹ gidi ni o, kì í ṣe pé kí n panu. Mo sanra díẹ̀, mo gbà bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀ ẹni tó bá jáwọ́ ló máa ń sanra bíi kílò mẹ́rin tàbí márùn-ún lọ́dún kìíní. Mo rin ín dànù lẹ́yìn náà.

Ìyá Ìbejì · Ọjọ́ Àìkú, 3:00 ọ̀sán

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá èmi náà dá sí tèmi. Ọkọ mi ti ń gbìyànjú láti oṣù tó kọjá. Tó bá wọlé, mo máa ń gbóòórùn ẹ̀wù rẹ̀ kí n lè mọ̀. Ó ti di ìjà báyìí. Ó ní òun á kúkú máa mu ún nìṣó bí mi ò bá fọkàn tán òun. Mi ò fẹ́ kó kú ni.

Tíṣà Àná, Ọ̀yọ́ · Ọjọ́ Àìkú, 5:45 ìrọ̀lẹ́

Ìyá Ìbejì, mo gbọ́ yín. Ìyàwó tèmi náà gbóòórùn ẹ̀wù fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ìgbà tó ní "Bẹ́ ẹ bá mu ún, ẹ sọ fún mi, mi ò ní jà" ni mo tó lè sọ òótọ́ fún un. Kí ó tó sọ bẹ́ẹ̀, ọgbọ́n bí mo ṣe máa fi pa mọ́ ni gbogbo ọgbọ́n mi. Ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́ le fún ẹni tó ń gbé pẹ̀lú wa, ìbínú náà kì í ṣe tiyín, ẹ má gbà á sára. Ẹ bi í pé àkókò wo ló máa ń le jù. Tó bá sọ fún yín, ẹ pè é lórí fóònù lákòókò náà, ẹ bá a sọ̀rọ̀ ọmọ, ọ̀rọ̀ ọjà, ohun tó bá wù yín. Ìṣẹ́jú márùn-ún ni.

Káfíńtà Àjílété · Ọjọ́ Àìkú kejì, 8:50 alẹ́

Mo ti mu ún. Ẹ má bínú sí mi.

Oorun ti padà láti ọjọ́ kẹta tí mo fi obì sílẹ̀. Ṣingọ́ọ̀mù yẹn, mo rí i rà lẹ́yìn ìgbà tí mo wá a dé ilé oògùn mẹ́rin, ó sì ràn mí lọ́wọ́. Ẹ̀jẹ̀ ríru mi dára. Gbogbo rẹ̀ ń lọ. Lánàá, a lọ ṣe òkú àgbà l'Ọ́yọ̀ọ́, ìyá ọ̀rẹ́ mi. Ìlù ń dún, ọtí wà nílẹ̀, àwọn tí a jọ kọ́ṣẹ́ jókòó yí mi ká, ẹnì kan na páálí sí mi bó ṣe máa ń ṣe é láti ogún ọdún. Ọwọ́ mi ti gbà á kí ọkàn mi tó sọ̀rọ̀. Mo mu ọ̀kan, mo tún mu ọ̀kan. Òyì kọ́ mi. Ṣingọ́ọ̀mù wà nínú àpò mi ní gbogbo ìgbà yẹn.

Nígbà tí mo padà sí Ògbómọ̀ṣọ́ láàárọ̀ yìí, mo gba iwájú ìsọ̀ ìyá tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù mi. Ọwọ́ ẹ̀ ni mo ti ń ra ẹyọ ẹyọ, tí kò bá sówó a kọ ọ́ sílẹ̀. Ó ti nawọ́ sí ibi tó ń kó o sí kí n tó kí i. Mo sáré kọjá. Ẹ̀rù bà mí. Ọjọ́ mẹ́tàlá ti dànù nìyẹn?

Awakọ̀ Ọ̀nà Ìbàdàn · Ọjọ́ Àìkú, 9:15 alẹ́

Kò dànù. Ẹni tó yọ̀ ṣubú ní Ọ̀yọ́ kò ní padà lọ bẹ̀rẹ̀ ìrìn láti Ìbàdàn. Òní ni ẹ wò: ṣé ẹ ti mu lónìí? Ẹ sáré kọjá ìsọ̀. Ó tán.

Ọ̀rọ̀ ìyá onísọ̀, ẹ lọ san gbèsè tó wà nínú ìwé rẹ̀ lọ́la, kóbọ̀ má kù. Kí ẹ sì sọ lójú ara yín pé "Màámi, bí mo bá wá ra á, ẹ má tà á fún mi." Mo ṣe bẹ́ẹ̀ sí obìnrin kan ní gáréèjì, ó bú sẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí mo lọ bá a pẹ̀lú owó lọ́wọ́, ó kọ̀. Títa ẹyọ ẹyọ yẹn gan-an, òfin tí ìjọba àpapọ̀ ṣe ní 2015 lòdì sí i, páálí tó pé ogún ni wọ́n ní kí wọ́n máa tà. Gbogbo wa la mọ bó ṣe rí níta. Ẹyọ ẹyọ yẹn ló ń pa wá, torí kò jọ pé èèyàn ra sìgá.

Nọ́ọ̀sì Alẹ́ · Ọjọ́ Ajé, 2:30 òru

Ẹ kú ìrìn àjò sà. Ọjọ́ mẹ́tàlá yẹn wà lára yín. Carbon monoxide, èéfín olóró tó ń gba ipò atẹ́gùn inú ẹ̀jẹ̀, ti kúrò láàárín ọjọ́ kan àkọ́kọ́. Ọkàn yín náà ti ń sinmi. Ẹni tó bá lo ọdún kan láìmu ún, ewu àrùn ọkàn tí sìgá fà bá a á dín kù sí bí ìdajì ti ẹni tó ṣì ń mu. Sìgá méjì ò pa ìyẹn rẹ́. Èyí tó lè pa á rẹ́ ni kí ẹ sọ lọ́kàn yín pé "ó ti bàjẹ́ tán", kí ẹ lọ ra páálí.

Ẹ kíyè sí ohun tó ṣẹlẹ̀: ọtí, ìlù, àwọn ọ̀rẹ́ àtijọ́, ọwọ́ tó na páálí. Ẹ mú ọtí kúrò títí oṣù méjì á fi pé, èyí ló máa ń kọ́kọ́ tú ìlérí. Tí ẹ bá sì ń lọ síbi ìnáwó, ẹ fi ṣingọ́ọ̀mù sẹ́nu kí ẹ tó wọlé. Ẹ má dúró dìgbà tí ara bá béèrè.

Ọmọ Arúgbó · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 10:00 àárọ̀

Ìyá ìyá mi ń gbé l'Ọ́yọ̀ọ́, ọdún rẹ̀ lé ní àádọ́rin. Kì í mu sìgá, aṣáà ló ń fi sí ètè. Ojú funfun kan ti hù síbẹ̀, ó ní ọgbẹ́ lásán ni. Ọjọ́ tí mo gbé agolo aṣáà pamọ́, kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀, ó ń sunkún. Ṣé aṣáà náà máa ń di bárakú báyẹn?

Nọ́ọ̀sì Alẹ́ · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 11:45 àárọ̀

Ó máa ń dì í, ó sì lágbára. Kánún tí wọ́n ń lọ̀ mọ́ tábà yẹn ló ń mú kí nikotíìnì tètè gba inú ẹran ẹnu wọ ẹ̀jẹ̀. Àwọn tó kọ́kọ́ pò ó pọ̀ mọ ohun tí wọ́n ń ṣe.

Ẹ má gbé agolo pamọ́ mọ́. Ìyá àgbà ni, ìtìjú ló jẹ́ fún un. Ẹ jókòó tì wọ́n, kí ẹ jọ dín in kù: kí wọ́n máa sún ti àárọ̀ síwájú díẹ̀díẹ̀, kí wọ́n sì dín ìwọ̀n tí wọ́n ń bù kù. Ṣùgbọ́n ojú funfun yẹn ò gbọ́dọ̀ dúró de ìyẹn. Aṣáà máa ń fa jẹjẹrẹ ẹnu. Ọ̀sẹ̀ yìí ni kí ẹ gbé wọn lọ sọ́dọ̀ dókítà eyín, ní ilé ìwòsàn ńlá, kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò. Bí wọ́n bá tètè rí i, ìtọ́jú rẹ̀ rọrùn gan-an ju bí ó bá pẹ́ lọ. Ẹ sọ fún wọn pé ẹnu lẹ fẹ́ kí wọ́n wò. Kí àríyànjiyàn aṣáà má dè yín mọ́lé.

Káfíńtà Àjílété · ọjọ́ kẹtàlélọ́gbọ̀n, 7:20 alẹ́

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Mi ò tíì mu òmíràn láti ọjọ́ òkú yẹn.

Ìyá onísọ̀ ò rẹ́rìn-ín nígbà tí mo san gbèsè. Ó fa ojú ewé náà ya lójú mi, ó ní ọkọ òun náà, ikọ́ sìgá ló gbé e lọ. Ọdún mélòó la fi ń kí ara wa, mi ò gbọ́ èyí rí. Ó ń ta ẹ̀pà fún mi báyìí.

Ikọ́ wá yọ mí lẹ́nu ní ọ̀sẹ̀ kẹta, kẹ̀lẹ̀bẹ̀ dúdú ń jáde, mo sá tọ Nọ́ọ̀sì lọ. Ó ní irun wẹ́wẹ́ inú ọ̀nà èémí tí èéfín ti dá lẹ́kun ló ń jí padà, tó ń gbá ilé. Síbẹ̀ ó ní nílùú tiwa, ikọ́ tó bá ti lé ní ọ̀sẹ̀ méjì, kí èèyàn ṣe àyẹ̀wò ikọ́ ẹ̀gbẹ, torí ọ̀fẹ́ ni àyẹ̀wò àti ìtọ́jú rẹ̀ ní ilé ìwòsàn ìjọba. Mo lọ. Wọn ò rí nǹkan kan. Ikọ́ náà ti ń lọ sílẹ̀.

Lánàá a gbé bẹ́ẹ̀dì onígi lọ sí òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan. Mo dúró lẹ́ẹ̀kan, mi ò jókòó. Aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ ṣì le fún mi, ìgbà tí a bá ń gbá eérú pákó jáde. Ọmọ tó máa ń bá mi ka ìṣẹ́jú ṣì ń gbé fóònù rẹ̀ sítòsí.

Àlejò Owódé · ọjọ́ kan náà, 11:55 alẹ́

Mo ka gbogbo èyí tán báyìí. Ọjọ́ kejì mi lónìí. Mi ò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni nílé. Ara mi ń gbọ̀n, ìsọ̀ kan ṣì ṣí ní ìsàlẹ̀ àdúgbò wa. Ṣé ẹnikẹ́ni ṣì wà níbí?

Káfíńtà Àjílété · 11:57 alẹ́

Mo wà níbí. Wo aago rẹ. Kí lo jẹ lálẹ́ yìí?